Agolo Oògùn Ẹ̀fọn Lórí Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyá Oníkòkòrò ni àwọn ọmọ iléèwé ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ tirẹ̀. Ìrẹ̀, tata, yímíyímí, kòkòrò ilẹ̀ wa lóríṣiríṣi ló fọwọ́ ara rẹ̀ sìn nínú àpótí onígíláàsì. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá wọn mú.

"Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá fìrìgbọ̀n kan ń gbọ̀n níwájú yímíyímí.

"Ìyá, ṣé kò ní jẹ mí?"

"Ìgbẹ́ nìkan ló ń jẹ. Àbí ẹ̀ ń fura sí ara yín ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Lọ́dún yìí ni a gbọ́ pé aláṣẹ kan ń bọ̀ wá wo yàrá náà. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí wọ́n máa bá a lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí wọ́n tì í. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbààwẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ìwọ lo dá wọn, gbèjà wọn."

Nígbà tó ku ọ̀la kí àlejò náà dé, ọ̀gá ọgbà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni o, ní kí agbálẹ̀ fín oògùn ẹ̀fọn inú agolo káàkiri, kí ẹ̀fọn má baà yọ àlejò lẹ́nu.

"Títí kan yàrá Ìyá Oníkòkòrò, sà?"

"Ibẹ̀ gan-an ni kí o fín jù! Ṣebí ibẹ̀ ni àlejò ń lọ?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kò gbọ́ ìrẹ̀ kankan. Gbogbo wọn ló fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ká kò. Kó tó rí ẹkún sun, àlejò ti wọlé. Wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún un, ló bá tẹ́ ọwọ́, ó dúró. Kò sí kòkòrò tó gun ọwọ́ rẹ̀.

"Màdáámù, ṣé òkú lẹ fi ń kọ́ ará ìlú?"

"Wọ́n fín oògùn sí wọn ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Nínú yàrá kòkòrò? Aṣiwèrè wo ló máa ṣerú ẹ̀?"

Ọ̀gá ọgbà, tó tẹ̀ lé e wọlé, ń wo àjà.

Wọ́n ti yàrá náà. Àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe. Mo ṣe àmín, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tí mo ní kó gbèjà wọn ńkọ́? Ṣé kò gbọ́ ìró agolo ni?

Àánú ṣe ọ̀gá. Ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní agolo oògùn ẹ̀fọn, torí ẹ̀fọn pọ̀ lẹ́nu géètì. Agolo náà wà lórí tábìlì, kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tí mo lọ kí i, ẹ̀fọn kan bà lé e lápá, mo gbọ́wọ́ sókè kí n gbá a.

"Fi í sílẹ̀," ó ní, kò tilẹ̀ mi apá. "Òun nìkan ló ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."