Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè

Akọ̀wé mi ti lọ. Adúmáadán, ọmọ onílé ọ̀nà Tchamba, ọmọ afi-iṣu-tuntun-ṣàlejò, ẹkùn tó wọ ọ́fíìsì tí kò gbàgbé oko. Bí mo ṣe ń kí i nìyẹn nílé wọn ní Kambolé. Àbúrò ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ilé ni mo bá a, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú mi, bí orúkọ gbogbo ará ilé yẹn ṣe wà níbẹ̀, òkú àti alààyè. Ìyàwó kì í pè é. Ẹ má bi mí.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ṣe ní Tchamba títí ó fi fẹ̀yìn tì, lábẹ́ àwòrán Ààrẹ kan náà tó wà lára ògiri láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà ló lọ ń gbé ní Sokodé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé fún àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ará ilé wa gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ náà kí òun tó kú. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan tí a bá sọ nípa wọn á dá dúró, lẹ́tà lásán, kò sí ọ̀ṣọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà á fi àmì sí: orúkọ ẹni tí a sọ, tàbí "iṣu", tàbí "Mẹ́kà", tàbí "ẹnubodè". Bí o bá tẹ àmì kan, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní in á tò jáde.

Mo ní, "Bí a ṣe ń fàmì sí iṣu olúkálukú nínú àká."

Akọ̀wé ní, "Ìyàwó, o ti mọ̀wé jù wá lọ."

Àwa ìyàwó ilé mẹ́ta la lọ sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé fún ọmọ náà, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Sokodé, nílé ìyá rẹ̀, ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Faransé àti Tem, èdè wọn níbẹ̀, ló gbó lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ.

Àìsàn dé. Ojú Akọ̀wé ò ríran mọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ó ní kí wọ́n ka ẹ̀gbọ́n òun obìnrin sí òun létí, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, tó lọ́kọ sí òdìkejì ẹnubodè tó sì kú síbẹ̀. Ọmọ náà tẹ orúkọ àbísọ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

Ó kọjú sí ògiri. "Ẹ rántí ewúrẹ́ bàbá mi, ẹ̀yin ìyàwó. Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí lẹ ò rántí."

Inú bí mi. Mo ti sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fún ọmọ náà títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

"Wá a dáadáa."

"Mo ti wá a, Màmá. Kí lẹ pè é nígbà yẹn?"

"Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ìyẹn wà. Ó ń pọn ọmọ kan kiri, ó ń ta irú. Kò lọ́kọ, kò sì kú."

Ìgbà náà ló yé mi. Ìyàwó kejì ló sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, Eyínmẹ́nugún lòun sì ń pè é. Ìyàwó kẹta ló sọ ti ikú rẹ̀, Awẹ́lẹ́wà ni tirẹ̀. Olúkálukú wa ló fún un lórúkọ nígbà tí a wọlé ọkọ. Ẹ̀rọ sì ti sọ obìnrin kan di mẹ́ta: ọ̀kan ò sọ ọmọ kalẹ̀, ọ̀kan lọ́kọ láì ṣe ọmọdé rí, ọ̀kan kàn kú ṣáá.

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," mo wí.

"Ta ni? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Bàbá ní n ò gbọdọ̀ méfò."

"Mi ò lè pè é."

"Ó ti kú, Màmá."

"Ikú rẹ̀ kò sọ mí di ọmọ ilé."

"Ẹ kọ ọ́ nígbà náà."

"Kí ọwọ́ mi sọ ohun tí ẹnu mi kọ̀?"

Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, mo lọ jókòó létí ibùsùn.

"Ọkọ mi, ta là ń pè ní Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀?"

Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀.

"Eyínmẹ́nugún ń kọ́? Awẹ́lẹ́wà ń kọ́?"

Ó yíjú padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí, ẹ máa pa mí." Òun fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Ó ní kí ọmọ òun fi í sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kó má pa tiwa rẹ́.

Ọmọ náà kà á títí ìrun alásàrí fi kù díẹ̀. Akọ̀wé ní kó tún ibì kan kà, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n sọdá odò lọ́nà Goubi.

Inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Èmi jókòó síbí tẹnu tẹnu, ẹ̀rọ lẹ kọ́kọ́ bi."

Ó ní, "Ìyàwó, ẹnu rẹ á bá ọ lọ. Èyí á dúró ti ọmọ mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé, mo ń rò ó lóko, mo ń rò ó nídìí ààrò, kí n lè fún un lésì nígbà tí mo bá padà lọ. Nígbà tí mo fi rí èsì náà, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé dé Kambolé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a sin ín, lẹ́yìn ìrun.