Mọ́ṣáláṣí Tí Ọkọ Mi Kọ́

Bíríkìlà ni ọkọ mi, Bàbá Favour, ní Ìlọ́fà níbí. Okùn ìwọ̀n rẹ̀ kì í kúrò lápò, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, á wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí apá kan igun, mẹ́rin sí apá kejì. Tí okùn tó so orí méjèèjì pọ̀ kò bá jẹ́ márùn-ún rẹ́gí, á fa èèkàn tu, á tún un kàn.

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí tuntun fún un, ó kan èèkàn tẹ̀lé títì, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ilé. Àáfà Qòsím dé, wọ́n nawọ́ sí gábàsì, ìhà ìlà-oòrùn tí àwọn Mùsùlùmí máa ń kọjú sí kírun. Ọkọ mi tú gbogbo ẹ̀, ó yí ìpìlẹ̀ síbẹ̀.

Ni ìyọnu bá dé. Ẹni tó bá ti ń kọjá á ní, "Bàbá Favour, ògiri yín mà wọ́ o!" Mo bá wọn jà títí ohùn mi fi há. Ọkọ mi kàn ń fi okùn wọn igun rẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kírun níbẹ̀, èmi àti ọkọ mi dúró níta, a yọjú lójú fèrèsé. Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tẹ̀lé títì, nítorí náà ìlà àwọn tó ń kírun máa ń wọ́ sí ògiri, àwọn àgbà á há sí kọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìlà bá ògiri dọ́gba, kò sẹ́ni tó há.

Mo yíjú sáwọn tó ń kọjá. "Ẹ ti rí i báyìí? Títì yín ló wọ́!"