Apá Òsì Méjì

Ọwọ́ mi ti wọlé dé ìgúnpá sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì lẹ̀ mọ́ ara mótò tí oòrùn ti yan. Òwú pupa kan wà láàárín ìka mi méjì.

"Kí lo bá níbẹ̀?" ìyá àgbà bi mí láti òdìkejì.

"Ihò kan ni, Màmá. Ó gba orí ìka mi."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Ó kéré ju tòkè lọ."

"Na òwú yẹn láti ọ̀kan dé èkejì, kí o ta kókó síbi tó bá parí sí. Má kánjú. Irin ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

Mo ta kókó náà láìrí i, mo sì fa ọwọ́ mi jáde. Epo ẹ́ńjìnnì ti kùn ún dúdú, inú mi ò sì dùn sí i, nítorí ọmọ tí kì í fẹ́ ìdọ̀tí rárá ni mí. Bí yíǹkì bá ta sí ìwé mi, ẹkún ni. Ìyá àgbà gba òwú, ó tẹ́ ẹ lé téèpù tó fi kọ́rùn, ó sì kọ ohun tó rí sẹ́yìn páálí bisikíìtì. Bó ṣe ń wọn ara oníbàárà náà ló ṣe ń wọn ara mótò, abẹ́rẹ́ méjì sì ń tàn létí ọrùn bùbá rẹ̀.

Télọ̀ ni. Ládùúgbò wa ní Ìwó, nítòsí iléèwé míṣọ́ọ̀nù, kò sí ọmọ tí kò wọ aṣọ iléèwé tó rán rí, òun náà ló sì ń rán aṣọ àwọn akọrin ìjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó sì mọ̀ pé ó mọ́. Bí télọ̀ mìíràn bá ba aṣọ jẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Apá òsì méjì ló gé." Ó ní ẹni tó bá gé apá òsì méjì fún ẹ̀wù kan, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa ta ẹ̀pà. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó dun àwọn tó ń fi bá wí.

Bàbá àgbà tó jẹ́ tíṣà ló ni mótò náà. N kò bá a láyé. Mótò aláwọ̀ ewé ni, imú rẹ̀ rí roboto, inú rẹ̀ ń rùn bí awọ àtijọ́ àti káńfọ̀ tí ìyá àgbà ń jù sábẹ́ àga nítorí aáyán. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Mẹkáníìkì wa ní, "Màmá, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé ẹ̀." Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, "Èmi ò tíì gbàgbé."

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé pátánnì fún irin. Bí bírákẹ́ẹ̀tì kan bá kán, ìyẹn irin tó ń di nǹkan mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, á fi páálí gé irú rẹ̀, á gbé e síbẹ̀ wò, á tún fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀. "Dúró dáadáa," á sọ fún mótò. "Má mí." Bó bá ti wọ̀ tán, á gbé pátánnì náà lọ fún wẹ́dà, ọkùnrin kan ní òpópónà kejì tó ń fi iná jó irin pọ̀. Èyí tó di bátìrì mú, òun ló gé e. Èyí tó gbé ẹsọ́ọ̀sì dúró, òun náà ni.

Bírákẹ́ẹ̀tì tó mú dáínámò, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, dúró ló wá kán lọ́jọ́ tó ń ti Kuta bọ̀. Bẹ́líìtì dẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná, ìyá àgbà sì dúró nínú oòrùn títí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan fi okùn wọ́ ọ délé. Ìròyìn náà dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá lọ́jọ́ kejì. Kò tilẹ̀ tíì jókòó.

"Màmá, ẹ ti dàgbà ju kí ẹ máa dúró lójú pópó lọ. Mo ti bá àwọn tó ń ra àlòkù irin sọ̀rọ̀."

"Mótò bàbá yín nìyẹn."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ̀yin náà sì ni màmá wa."

Ìyá àgbà ní, "Wá ní Sátidé. N ó wà á dé Olúpọ̀nnà, n ó sì wà á padà. Ìwọ jókòó sẹ́yìn. Bó bá dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀kan péré, èmi fúnra mi ni n ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé gbogbo òwúrọ̀ ni bàbá àgbà ń fọwọ́ ara rẹ̀ nu mótò yẹn nígbà ayé rẹ̀, àti pé aṣọ ìnumótò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga. Bí wọ́n bá wọ́ ọ lọ, n kò mọ ohun tí ìyá àgbà yóò máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Ní Tọ́sìdeè ni ìyá àgbà parí pátánnì bírákẹ́ẹ̀tì dáínámò náà. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ OJÚ sí apá kan rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ojú ni wẹ́dà ń tẹ ọrùn irin, ibi tó yọ gbọọrọ, sí. Ṣùgbọ́n epo ti wọ ẹ̀yìn páálí náà níbi tó ti ń fara kan ẹ́ńjìnnì, etí rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Ó fún mi ní páálí tuntun pé kí n dà á kọ sórí rẹ̀, kí òun fi ṣẹ́tí aṣọ oníbàárà kan tán. Mo wo páálí tuntun náà, funfun báláú. N kò fẹ́ kí epo kàn án. Mo bá dojú pátánnì dé, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní epo wà lókè, mo fi báírò fa ilà yí i ká, mo gé e. Mo wá kọ OJÚ gàdàgbà sí èyí tí mo gé, mo sì fi rúlà fa ilà sábẹ́ rẹ̀.

Ó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, a gbé e lọ bá wẹ́dà. Òórùn irin tó ń jó gba imú wa kan. Irin kan ṣoṣo tó nípọn tó ló kù nílẹ̀ rẹ̀. Ó gé e, ó lu ihò sí i, ó tẹ ọrùn rẹ̀ síhà OJÚ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọrùn náà kó má baà mì. Lẹ́yìn náà ló fọ ọwọ́ rẹ̀ tó lọ kírun Jímọ́ọ̀.

Nígbà tí a délé, bírákẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò wọlé. Bátìrì ni ọrùn rẹ̀ kọjú sí, kì í ṣe dáínámò: bí mo ṣe dojú pátánnì dé ti sọ ọ̀tún di òsì. Ìyá àgbà yí i lẹ́ẹ̀kíní, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kò bá mótò sọ̀rọ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé irin náà, a sì padà.

Wẹ́dà ti ti mọ́ṣáláṣí dé, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ń dúró dè é. Ó fi irin náà sínú fáìsì tó ń di irin mú, ó fẹ́ tẹ ọrùn rẹ̀ padà. Irin náà dún pá, ó sán.

"Haà! Màmá, ta ló gé pátánnì yìí?"

Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni mo wà, mo gbé báàgì lọ́wọ́. Ìyá àgbà gba pátánnì náà, ó wo OJÚ tí mo kọ, ó wo ilà tí mo fi rúlà fà sábẹ́ rẹ̀. Ó wò mí. Mo gbé báàgì sí ọwọ́ kejì.

"Èmi ni," ìyá àgbà ní. "Apá òsì méjì ni mo gé."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àwọn tó ń dúró náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ̀pà yín dà ká rà?" Ìyá àgbà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń tún ìborùn ṣe láìnídìí. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Kò sí irin mọ́. Ìyá àgbà ní kí wẹ́dà kó irinṣẹ́ rẹ̀ ká lọ sílé. Ó fi ìka kan irin gbọọrọ tó mú géètì ilé wa mọ́ ògiri. "Tú èyí."

"Màmá, géètì á ṣubú o."

"Kó fẹ̀yìn tì. Èmi náà máa ń fẹ̀yìn tì."

Bó ṣe ń tú u lọ́wọ́, ìyá àgbà gbé páálí tuntun lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú pátánnì àkọ́kọ́. Mo ń retí ìbáwí. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Tún un dà kọ, Àjíkẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí epo ta sí i."

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera. Mótò dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó gbà. Iná pupa dáínámò tàn níwájú, ìyá àgbà fẹsẹ̀ tẹ iná mótò, iná pupa kú. "O ṣeun," ó sọ fún un. A dé Olúpọ̀nnà láàárín àwọn tó ń sá gbágùúdá sí etí títì, a yí padà láìpa ẹ́ńjìnnì. Lọ́nà ìpadàbọ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́.

"Màmá, ẹ dúró!" ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké.

Ìyá àgbà ò dúró, ṣùgbọ́n òógùn bọ́ lójú rẹ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, mo tẹ ìgò omi tó ń yí kiri níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo dákẹ́. Mótò ò dúró títí a fi délé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ó wo géètì tí wọ́n fi okùn so. "Màmá, irin géètì yín dà?"

"Ìwọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé Olúpọ̀nnà yẹn."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sí Ìbàdàn láìgba kọ́kọ́rọ́. Ìyá àgbà wa mótò náà títí ojú rẹ̀ kò fi ríran tó mọ́. Láti ọjọ́ pátánnì yẹn ni wẹ́dà sì ti sọ ọ́ ní Màmá Apá-Òsì-Méjì, orúkọ náà sì ràn. N kò gbọ́ kí ìyá àgbà tún fi ọ̀rọ̀ yẹn bú télọ̀ kankan mọ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, wẹ́dà sọ ìtàn náà, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ara mi tì mí.

Tíṣà ni èmi náà báyìí. Nígbà tí mo wá sí Ìwó gbẹ̀yìn, mo lọ kí wẹ́dà. Ó ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jó irin. Mo kúnlẹ̀, n kò sì dìde. "Bàbá, èmi ni mo gé pátánnì yẹn. Kì í ṣe Màmá."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni Màmá ń lò. Ta ló ń fi rúlà fa ilà sábẹ́ ojú, bí kì í bá ṣe ọmọ iléèwé?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà títí tó fi kú?"

"Ó ti ní òun ni. Tí n bá ní kì í ṣe òun, ta ni wọn ì bá máa fi ṣẹlẹ́yà?"

Bírákẹ́ẹ̀tì tó sán náà wà lọ́dọ̀ mi. Ara ìṣó ilé ìdáná ni ìyá àgbà gbé e kọ́ sí, ibẹ̀ ni mo ti mú un. Mo fi ń tẹ ìwé àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì mi. Nígbà mìíràn ìpẹtà rẹ̀ máa ń ta sí ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì tán. N kì í nù ún.