Bí Jìnnìjìnnì Ṣe Kọ̀ fún Màdámù

Abẹ́ tábìlì ni Jìnnìjìnnì wà lọ́jọ́ tó kọ̀ fún màdámù. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ kékeré tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà, màdámù ni wọ́n sì rán wá ṣe ọ̀gá. Wọ́n ti lé ìdajì òṣìṣẹ́. Bí bàtà màdámù bá ti ń dún kò-kò-kò bọ̀, olúkúlùkù á tẹrí mọ́ iṣẹ́.

“Bàbá, ẹ jáde níbẹ̀. Mo ní kí ẹ fi ìpolówó ọṣẹ sára gbogbo ilẹ̀kùn inú géèmù yẹn.”

“Mi ò ní ṣe é, mà,” ni Jìnnìjìnnì fèsì lábẹ́ tábìlì.

“Ṣé ẹ̀rù mi ò bà yín ni?”

“Ó ń bà mí, mà. Kí lẹ rò pé mò ń wá lábẹ́ tábìlì?”

Ojo gidi ni Jìnnìjìnnì, olóògbé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí fóònù bá dún lójijì, ó ti da tíì sára nìyẹn. Òun náà ló wá ṣe géèmù tí ọmọbìnrin kan ti ń wá àbúrò rẹ̀ nínú ilé tó ṣókùnkùn, àtùpà kékeré lọ́wọ́. Ọjọ́ tó parí ohùn nǹkan tó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣe ló sá jáde nílé.

“Ṣebí ìwọ lo mí sínú ẹ̀rọ yẹn?” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n kò jọ èmi mọ́.”

Màdámù ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òun ò rí ọṣẹ, kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ayàwòrán tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wà lọ́rùn mi.”

Láàárọ̀, Jìnnìjìnnì gbé géèmù náà kalẹ̀ lọ́nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú ọṣẹ, èkejì láìsí ọṣẹ. “Ẹ ta á wò fúnra yín, mà.” Wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n pa iná. Nínú ti ọlọ́ṣẹ, ilẹ̀kùn ń hó bí ọṣẹ, màdámù bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìkejì, wọ́n kàn gbọ́ igbe ni. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni màdámù wọ̀ jáde.

“Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?”

“Mi ò mọ̀, mà. Mi ò lè wò ó dé ìparí rí.”

Màdámù yọ ọṣẹ kúrò. Kò pẹ́, ó yọ Jìnnìjìnnì náà níṣẹ́.

Nígbà tó yá, Jìnnìjìnnì kú. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ayàwòrán ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní pálọ̀ olóògbé, ẹ̀rín ń pa gbogbo ilé. Ọmọbìnrin olóògbé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Òótọ́ ni, ojo ni bàbá mi,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń sùn sí. Ó ní ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé wá bá wa, òun ni kó kọ́kọ́ bá.”