Bí Mo Ṣe Dín Búrẹ́dì Kù

Nígbà tí fúláwà gbówó lórí léraléra, èmi àti ìyàwó mi jókòó sínú bèkírì kékeré tí a ní ní Mówè, à ń wo ara wa. Bí a bá fowó lé búrẹ́dì, àwọn oníbàárà á lọ bá ẹlòmíì. Bí a ò bá fowó lé e, a máa kógbá wọlé. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí á máa bu díẹ̀ kúrò lára ìyẹ̀fun pípò náà kó tó wọ páànù. Iye owó ò yí padà, náílọ́ọ̀nù ò yí padà.

"Gbogbo oníbúrẹ́dì ló ń ṣe é," mo wí. Ìyàwó mi, tó máa ń po ìyẹ̀fun, bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú kù.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, àfi ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n dì í mú títí.

"Ọmọ mi, ṣé eléyìí ò fúyẹ́ jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Bó ṣe wà náà ló wà. Àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ yín, mà."

Ìyá tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá yìí máa ń kú tipiri tí mo bá jí. Má bínú, ọmọ mi."

Àgbàlagbà ló ń bẹ̀ mí yẹn, lórí irọ́ tí mo pa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a jọ ń lọ, ìyá ní kí ìjọ bá àwọn gbàdúrà fún apá àwọn. Gbogbo wa na ọwọ́ sí wọn. Èmi náà nà án.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní, "Bó ò bá dá ìwọ̀n yẹn padà, èmi ò pò ó mọ́." A dá a padà, a sì fowó lé e. Ọ̀pọ̀ oníbàárà sá lọ lóòótọ́. Ìyá ò lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọwọ́ mi ti tún ń mọ ìwúwo nǹkan! Búrẹ́dì tí mo ń rà, ó ti wúwo bó ṣe ń wúwo tẹ́lẹ̀!" Ìjọ hó halelúyà. Mo bá wọn hó o. Ìyàwó mi yíjú wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá, mo jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀. Wọn ò gbé mi ṣépè.

"Kí ni kí n wá sọ fáwọn ará ìjọ báyìí?"

Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

"Dìde. Àwọn ọmọ fẹ́ lọ sílé ìwé, o dí wọn lọ́nà."

Wọ́n ṣì ń kí mi dáadáa tí a bá pàdé. Èmi ni mi ò lè wojú wọn.