Awọ Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ìyàwó mi ló máa ń rán ìjókòó. Èmi ló ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí mo sì ń tò ó padà. Paníbítà kan wà tó ń na irin ara ọkọ̀ gún, rawáyà kan á sì wá fa okùn iná. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ìdí èèyàn bá máa kàn nínú mọ́tò, iṣẹ́ ìyàwó mi ni. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó lágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń rán báàgì, a sì gbé e sí igun ṣẹ́ẹ̀dì wa ní Agége, níbi tí eruku kò ti pọ̀ jù.

Mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ là ń tún ṣe tà. Mò ń sọ àwọn onílẹ̀kùn méjì yẹn, tí imú wọn gùn, tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ, tí wọn ò mọ ìrìn pẹ̀lẹ́. Àwọn tó kó wọn wá sílé nígbà tí epo ò tíì wọ́n ti kú, tàbí wọ́n ti darúgbó. Àwọn ọmọ wọn á pa ọkọ̀ náà tì sẹ́yìn ilé, adìẹ á máa yé sínú rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ la máa ń wá kiri ní Ìkẹjà àti àyíká rẹ̀. Mo kàwé iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ti pẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Orégùn kí n tó fi í sílẹ̀ nítorí èyí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé orí mi ti dàrú. Ìyàwó mi kò bi mí ní ìdí kankan. Ohun tó bi mí ni ibi tí mo máa gbé ẹ̀rọ òun sí.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló gbẹ̀yìn nínú èyí tá a jọ ṣe. Dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ọmọ́lẹ̀, ló fẹ́ rà á. Nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, onílé rẹ̀ ní irú rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì pupa látiwájú dẹ́yìn, pupa tó ṣú díẹ̀, bí awẹ́ obì. Onílé yẹn kò jẹ́ kó jókòó nínú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí Dókítà kọ́kọ́ wá, ó sọ fún wa pé, “Ẹnjiníà, tí ẹ bá fi dúdú sí i, ẹ máa wà á fúnra yín.” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ máa rí pupa, sà.”

Ó wá awọ náà pẹ́. Ilé iṣẹ́ bàtà kan tó fẹ́ kógbá sílé ní Orégùn ló ti rí i nígbẹ̀yìn, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sí ibi ìkẹ́rù wọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ láró, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́. Ó rán ìjókòó iwájú méjèèjì. A jókòó sínú rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, láì ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, ká lè gbọ́ awọ. Awọ tuntun máa ń ké téèyàn bá jókòó lé e, kín-ín, kín-ín, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì fi epo sí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé èyí tí kò bá ké, òun kò fà á le tó nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gé awọ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó ká a, ó sì gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀ nílé nítorí eku ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní tí ara òun bá yá, òun á rán an. Ara rẹ̀ kò yá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti pín ẹrù rẹ̀. Ní ìdílé wọn, ọkọ kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń pín ẹrù ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ojú rẹ̀ rí aṣọ tó mọ̀ bó ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo jókòó sí pálọ̀. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣí àpótí, tí wọ́n ń jiyàn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí léèsì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ń gbé ní Agége, jáde wá sọ fún mi pé òun ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní ó dáa, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Ọkàn mi kò lọ síbi awọ rárá. Lójú mi, ara mọ́tò ni awọ yẹn; mi ò rántí pé inú àpótí aṣọ ló wà.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, wọ́n tún dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń kí wọn. Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn obìnrin ẹbí sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ẹní. Sílípáàsì ni gbogbo wọn wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà, awọ pupa tó ṣú díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ẹyọ kan. Àmì ṣọ́ọ̀kì ìyàwó mi ṣì wà lábẹ́ apá tó kọjá lórí ẹsẹ̀. Lèmọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo gbé bàtà náà sílẹ̀, mo wọlé, mo jókòó. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó tò lọ títí dé àtẹ̀gùn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo pe àbúrò ìyàwó mi sẹ́yìn ilé.

“Awọ tí ẹ fi ṣe bàtà yìí, níbo lẹ ti rí i?”

“Nínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi ni, Bọ̀dá. Màmá ní ká má já a sí wẹ́wẹ́, ká fi ṣe nǹkan tí gbogbo wa máa fi rántí wọn. Tiyín náà wà ńlẹ̀. Bàtà yín àtijọ́ ni mo fún ṣúmékà pé kó fi wọn ẹsẹ̀ yín.”

“Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò Dókítà ni.”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ṣúmékà ṣáà sọ pé awọ bàtà ni.”

“Kò purọ́.”

“Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n gé e gbọọrọ báyìí. Ó ní bóyá òmìrán ni wọ́n fẹ́ rán an fún.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

“Ẹ jẹ́ kí n gbà á padà lọ́wọ́ wọn, Bọ̀dá. Kò tíì gbó.”

“Orí màmá yín ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n bọ́ bàtà, mọ́tò fẹ́ wọ̀ ọ́.”

“Kí n tó sọ ọ́ tán, wọ́n á ti fi ẹyọ kan gbá mi létí.”

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ sí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dókítà ti ń pè mí. Bí ó bá kọ ọkọ̀ náà, kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró dè é, iṣẹ́ tí ìyàwó mi ṣe gbẹ̀yìn á sì wà lábẹ́ tapólì bí mo ṣe bá ọkọ̀ ọ̀hún níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí oníṣòwò máa ṣe ni kó tú ìjókòó iwájú, kó wá awọ pupa mìíràn tó máa kárí gbogbo rẹ̀. Mo mú abẹ lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì láti tú u. Mo jókòó síwájú ná, ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Awọ náà ké. Mo dá abẹ padà sínú àpótí irinṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ náà padà wá sí ṣẹ́ẹ̀dì nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti ra awọ. Dúdú ni.

“Dókítà ní àwọn ò fẹ́ dúdú,” ni mo wí.

“Mo ti wá pupa títí, Bọ̀dá. Èyí tó fẹ́ jọ ọ́ tí kò jọ ọ́, gbogbo ayé á rí i. Dúdú kì í bá ẹnikẹ́ni díje. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú mi.”

Mo gbé sílípáàsì tèmi, tí mi ò tíì wọ̀ rí, fún un. Ó tú u, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi àwọn àjákù tó gbà lọ́wọ́ ṣúmékà kún un, ó sì fi gbá etí ìjókòó dúdú náà yíká. Ó tó o. Ẹsẹ̀ mi tóbi.

Nígbà tí Dókítà dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó tẹ orí wọlé, ó sì wo ìjókòó ẹ̀yìn.

“Ẹnjiníà, mo rò pé a ti sọ̀rọ̀ dúdú.”

“A ti sọ ọ́, sà. Ìyàwó mi ti gé pupa náà kó tó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ò mọ ohun tó wà fún, wọ́n fi ṣe bàtà.”

Dókítà wẹ̀yìn, ó wo ẹsẹ̀ àbúrò ìyàwó mi.

“Ìyẹn nìyẹn?”

“Òun ni, sà,” ni obìnrin náà dáhùn. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú kí bàbá lè rí i dáadáa.

Dókítà wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ aláìsàn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú ọkọ̀, ó jókòó. Awọ ké lábẹ́ rẹ̀. Ó mira díẹ̀, awọ tún ké. Ó fi ọwọ́ ra ojú ìrán rẹ̀ lọ, ó rà á bọ̀.

“Onílé mi yẹn,” ló wí nígbà tó yá, “ajá rẹ̀ ló ń jókòó sẹ́yìn. Èmi ò fìgbà kan ronú nípa ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ wà mí lọ sílé.”

Mo wà á gba Ọgbà lọ sí Ọmọ́lẹ̀. Dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí ìyàwó mi máa ń jókòó, àbúrò rẹ̀ sì wà lórí dúdú rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Dókítà lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́.

A fẹsẹ̀ rìn jáde lọ sí Ojódù láti wọkọ̀. Ojú ọ̀nà inú ẹ́sítéètì dákẹ́. Mo ṣáájú díẹ̀, sílípáàsì àbúrò ìyàwó mi sì ń ké lẹ́yìn mi, kín-ín, kín-ín.

“Mo máa ní kí ṣúmékà fi òróró sí i,” ló wí.

Mo ní kó má fi nǹkan kan sí i.