Fóòmù Tí Mo Gé fún Ìbọn Ọmọ Mi

Nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìpínlẹ̀ wa ní Bendel, ọmọ mi àgbà obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń yìnbọn sí àmì. Ìbọn eré ìdárayá ni, ẹgbẹ́ ló sì ni ín, kì í ṣe tiwa. Inú ilé kan lẹ́yìn pápá ìyìnbọn, nítòsí GRA ní Benin, ni wọ́n ń tì í mọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá náà, Yorùbá sì ni bí àwa náà.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà nígbà yẹn. N kò fẹ́ eré náà fún un. Ọdẹ ni bàbá mi nílé l'Ékìtì. Kì í gbé ìbọn sílẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yàrá tí èèyàn ń sùn, kì í sì í sọ pé ìbọn ṣófo, àní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọta rẹ̀ tán lójú wa. Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé dé Benin. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ ọ́n yìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n gbé e lọ sí ìdíje kan ní Warri. Àpótí pákó líle ni wọ́n gbé ìbọn sí, àkísà ni wọ́n sì fi há a. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí kòtò ni ìbọn ń gbá kiri nínú àpótí, irin kékeré orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo àmì sì yẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo ọta tó yìn ló bọ́ sí apá òsì. Ó délé, kò jẹun, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo dúró títí kí inú mi dùn, kò dùn.

Ìbàdàn ni ìdíje tó kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣa àwọn tó máa wọ inú ikọ̀. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí ti Warri bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí. Àwọn òbí kò ní bá wọn lọ. Mo wá rò ó pé bí èmi kò bá lè tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ọwọ́ mi á tẹ̀ lé e. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo ní kó jẹ́ kí n gé fóòmù sínú àpótí náà, kí ìbọn má lè mì rárá.

Máàpù ilẹ̀ ni mo ń yà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìlà tó bá fi bí ìbú irun orí yẹ̀, mo máa ń pa á rẹ́ ni. Nítorí pé ìbọn náà kò gbọ́dọ̀ dé ilé wa, mo gbé bébà fífẹ̀ lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá ṣí ìbọn, ó fi hàn mí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, mo ní kó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Mo gbé e lé bébà, mo fi pẹ́ńsù yí i ká, mo sì kọ ìwọ̀n ibi kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe àga onítìmùtìmù ní àdúgbò wa, ní Ogida, ni mo ti ra fóòmù, èyí tó le jù. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń fọwọ́ tẹ ibi gbogbo lára rẹ̀, ó bi mí bóyá ọmọ jòjòló ló máa sùn lé e. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e. Bí o bá kàn fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, á máa sá fún ọ, ibi tí o gé á sì rí gbágungbàgun. Pákó ni kí o fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi di pẹlẹbẹ, kí o wá fi bíléèdì ayùn irin tí o ti pọ́n, tí o sì ti fi ọṣẹ pa, fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dín ìwọ̀n náà kù ní ìdámẹ́jọ íńṣì yíká, kí fóòmù lè di ìbọn mú. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi gé e.

Èyí tí mo yọ kúrò láàárín rí bí ìbọn gan-an. Ọmọ náà gbé e, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ó ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ló ń lọ dùbúlẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ á ní kó dìde, àwọn èèyàn fẹ́ kọjá. Á fi Pidgin dá a lóhùn pé òun ṣì ń mí. Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí èèyàn tó yìnbọn, èémí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú rọlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ la gbé ìbọn sínú fóòmù. Ọ̀gá dojú àpótí dé láì ti ìdérí rẹ̀, ìbọn kò já bọ́. Ó gbọ̀n ọ́n, kò mì. Ojú ọmọ mi ni mo ń wò. Ọ̀gá wá ní kó yọ ìbọn jáde. Ó fi èékánná wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí, kò rí ibi dì mú. Ọ̀gá náà gbìyànjú, ó tì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní:

“Bàbá, a ní kẹ́ ẹ bá wa tọ́jú ìbọn, ẹ lọ sin ín.”

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ ya ibi ìka lórí bébà, ṣùgbọ́n kò sí àyè mọ́. Ọmọ mi wo fóòmù, ó wò mí. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ.

“Dádì, ọwọ́ mi ńkọ́? Ibo ló máa gbà wọlé?”

Kí n tó fèsì, ó ti gba bíléèdì tí mo mú wá lọ́wọ́ mi. Ó gé ibi méjì bí àjẹkù òṣùpá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọn kò sì dọ́gba. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìbọn jáde. Ó dùn mí. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń rò ó bí mo ṣe máa tún ibẹ̀ gé nígbà tí wọ́n bá dé.

Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wà n'Íbàdàn, kò sí ọkọ̀ tó dúró níwájú ilé wa tí n kò yọjú wò. Wọ́n dé. Irin kékeré náà kò yẹ̀, wọ́n sì ti mú un sínú ikọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n tún ibi ìka gé kó dọ́gba. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀, ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí pé ìbọn kò wọ fóòmù mọ́. Mo rò pé ọ̀rinrin ló mú fóòmù wú, mo mú rúlà lọ. Kì í ṣe fóòmù. Apá ọmọ mi ló ti gùn, ọ̀gá sì ti fi pákó íńṣì kan ààbọ̀ kún ìdí ìbọn, kó lè bá èjìká rẹ̀ mu. Fóòmù tó kù níbẹ̀ kò tó íńṣì kan kí a tó kan ara àpótí. Mo wá rántí pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ká apá kọ́ kó tó lè gbé ìbọn fóòmù yẹn lé èjìká. Mo wọn ìbọn lẹ́ẹ̀mejì, n kò wọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹgbẹ́ rí àpótí mìíràn tó gùn. Ọ̀gá fi okùn di fóòmù mi, ó dá a padà fún mi.

Mo ti ń retí pé yunifásítì ìlú wa, ní ẹ̀gbẹ́ Ekosodin, ló máa lọ, kó máa wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Jos ló yàn. Láti Jos, ó gba ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń kọ lẹ́tà, ó máa ń béèrè àlàáfíà wa. N kò tíì kọ ọ́ sí i pé mo ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti já ìbọn fóòmù yẹn wẹ́wẹ́ sínú ìrọ̀rí tipẹ́. Èyí tó ti àpótí padà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo máa ń gbé e síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, mo sì máa ń ki ọwọ́ bọ ibi tó gé yẹn. Mẹ́ta nínú ìka tirẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀ nígbà yẹn. Tèmi kò ju méjì lọ. N kò tíì tún un gé.